Ajá Labrador ní Ilẹ̀ Àkókó

Ajá kì í ṣe àlejò láàrin àwa Yorùbá. Ọdẹ a máa mú un wọ igbó; ẹni tí ó sì ń bá aládùúgbò rẹ̀ jà lè sọ ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn lè máa gbọ́ ọ ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ṣùgbọ́n Labrador tí àwọn ènìyàn ń rà nísisìyí yàtọ̀ sí ajá ilé wa. Ní èrò tèmi, ẹni tí kò bá mọ ìwà àti àìlera rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mú un wá sí Òkè-Àgbè, Ìkàrẹ́ tàbí Ọ̀ka.

Ní etí òkun Newfoundland, ní ilẹ̀ Kánádà, ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń ran àwọn apẹja lọ́wọ́ nínú omi tútù. Àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mú wọn lọ sí ìlú wọn, wọ́n sì kọ́ wọn láti máa gbé pẹ́pẹ́yẹ tí ìbọn bá pa wá fún ọ̀gá wọn láìfi eyín ya á. Ní ọdún 1903 ni Kennel Club ti ilẹ̀ náà kọ orúkọ ẹ̀yà yìí sínú ìwé.

Ìdí nìyí tí ẹnu rẹ̀ kì í fi í ṣófo. Bàtà, ìgbálẹ̀, aṣọ tí a sá sí oòrùn, gbogbo rẹ̀ ni yóò gbé tọ̀ ọ́ wá pẹ̀lú ayọ̀. Bí ó bá rí ọ̀gọ̀dọ̀, yóò wọ̀ ọ́. Bí omi bá sì dúró nínú etí rẹ̀ tí ó wọ́ sílẹ̀, egbò lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀rín a máa pa mí bí ẹnìkan bá sọ pé nítorí olè ni òun ṣe rà á. Yóò gbó lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣòro fún un láti gbé bàtà olè fún olè.

Ọ̀rọ̀ ikùn rẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí a bá fún un ní àjẹkù ẹ̀bà, yóò jẹ ẹ́ tán, yóò sì tún máa wò wá bí ẹni tí kò jẹun láti ìjẹta. Kì í ṣe ọ̀kánjúwà lásán. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge fi hàn pé nǹkan bí ọ̀kan nínú Labrador mẹ́rin ni a bí pẹ̀lú àbùkù kan nínú ẹ̀jẹ̀ ìran rẹ̀, èyí tí ó ń mú kí ebi máa pa á ju bí ó ti yẹ lọ. Àánú wa ni ó ń pa irú ajá bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá yóò kún ara rẹ̀, oríkèé itan, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jogún àìlera rẹ̀, yóò sì máa dùn ún. Bẹ́ẹ̀ òkè àti àpáta ni ilẹ̀ wa. Kí a fi ìwọ̀n bù oúnjẹ fún un, kí a má sì fún un ní egungun adìẹ sísè, nítorí ó lè gún ìfun rẹ̀.

Irun rẹ̀ nípọn. Bí a bá so ó mọ́lẹ̀ nínú oòrùn oṣù kẹta, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ, ó sì lè kú. Eégbọn náà a máa kó àrùn tí ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ràn án.

Ní ti dìgbòlugi, ti ajá òyìnbó àti ti ajá ilé kò yàtọ̀. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ajá ilé tí dókítà ẹranko ń gún ní abẹ́rẹ́ déédéé sàn lójú mi ju Labrador olówó ńlá tí kò gba abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ajá kan bá bù yín jẹ ní ojú ọ̀nà, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.