Ìbuwọ́lùwé Nìkan Kò Tó

Àdéhùn òwò tí Nàìjíríà bá bá orílẹ̀-èdè mìíràn ṣe kì í di òfin lọ́jọ́ tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i. Abala 12 ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé àfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin. Ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí: àtakò wọn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àdéhùn òwò ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà (AfCFTA) ní Kigali lọ́dún 2018. Oṣù Keje 2019 ló tó fọwọ́ sí i ní Niamey.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀ pa, títí kan Ìdí-Ìrókò nípìńlẹ̀ Ògùn, bẹ́ẹ̀ àdéhùn ECOWAS gba ọjà láàyè láti kọjá. Oṣù Kejìlá 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn. Ọ̀rọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù kò sí lọ́wọ́ ìpínlẹ̀, nítorí náà ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ní Abẹ́òkúta kò lè dá ìtìpa náà dúró.

Ó yẹ kí Ilé Aṣòfin sọ àwọn àdéhùn yìí di òfin, kí àṣẹ ìjọba kan ṣoṣo má baà lè dojú wọn bolẹ̀.