Iná Ọyẹ́ Kò Mọ Ààlà Oko

Bí ọyẹ́ bá mú ní Mushin tàbí Surulere, ètè tó là àti eruku ni ọ̀rọ̀ wa. Nígbà mìíràn màjàlà a já bọ́ sórí aṣọ tí a sá, ìyá ilé a gbọ̀n ọ́n dànù, ó parí. Bẹ́ẹ̀ oko ẹnì kan ni ó jó.

Ẹ rántí ọdún 1983. Ní oṣù Jánúárì ọdún náà ni ìjọba Alhaji Shehu Shagari ní kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé kúrò ní Nàìjíríà. Bí mílíọ̀nù kan ọmọ Gánà ni ó di ẹrù wọn, púpọ̀ nínú wọn láti Èkó wa yìí. Ibẹ̀ ni báàgì Ghana Must Go ti gba orúkọ. Ohun tí wọ́n bá nílé ni ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀. Òjò ti kọ̀ láti 1982, ọyẹ́ le, iná sì ń jó láti oko dé oko. Ó jó kòkó, ó jó oúnjẹ inú abà. Ebi mú débi pé eegun tó yọ síta lábẹ́ ọrùn ènìyàn ni wọ́n ń pè ní ṣéènì Rawlings, ìyẹn olórí ìjọba wọn. Kòkó Gánà tó lé ní 550,000 tọ́ọ̀nù ní 1964 sí 1965 kò tó 160,000 ní 1983 sí 1984. N kò ní sọ pé iná nìkan ló fà á. Igi ti gbó, owó tí àgbẹ̀ ń gbà kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n igi tó gbó ṣì ń so díẹ̀, èyí tó jó ti di èédú. Iná ọdún náà jó ní Ivory Coast, ó sì jó kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín.

Ẹ má sọ pé afẹ́fẹ́ ló dá a. Afẹ́fẹ́ kì í ṣáná. Ọdẹ tí ń fín òkété, ẹni tí ń fi iná lé oyin, àgbẹ̀ tí ń jó ilẹ̀ tó ṣán, àwọn ni ó ń ṣáná. Abẹ́ kòkó kún fún ewé gbígbẹ, iná a máa rìn nílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ojú kì í tètè rí i. Èèpo igi kòkó sì fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá tún un gbìn yóò dúró ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kí ó tó ká èso.

Ìjọba Gánà ṣe òfin iná ìgbẹ́ ní 1983, wọ́n tún ṣe òmíràn ní 1990. Àwọn onímọ̀ Málíkì tí àwa ń tẹ̀lé ti sọ ọ́ ṣáájú wọn: ẹni tó dáná sí ibi tó mọ̀ pé ó lè ràn dé oko ẹlòmíràn, òun ni yóò san ohun tó jó. Nítorí náà, “àmúwá Ọlọ́run ni” kò tó ìdáhùn fún ẹni tó ṣáná lọ́sàn-án gangan nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Ọ̀pọ̀ yín ní Yaba àti Mushin ni ó ní oko bàbá nílé, tí alágbàro ń bá yín tọ́jú. Kí owó dé ọwọ́ rẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó parí, kí ó ṣán ọ̀nà fífẹ̀ yí oko ká, kí ó gbá ewé rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi hàn. Bí yóò bá jó ilẹ̀, kí ó jẹ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá rọlẹ̀, kí ó sọ fún aládùúgbò oko rẹ̀, kí ó má sì lọ sílé kí iná tó kú. Iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni, mo sì mọ àwọn tí ń ná ìlọ́po owó rẹ̀ sórí aṣọ ẹbí.