Ẹ Má Gé Owó Oṣù Wa Nítorí Ìlà Ara Mọ́tò

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lóṣù yìí kan gbogbo àwa tí a ń fọ mọ́tò, tí a ń kùn ún, tí a sì ń dán an ní Ìyànà Ìpájà àti agbègbè rẹ̀. Àṣà burúkú kan ti wọ inú àwọn ọgbà iṣẹ́ wa. Bí oníbàárà bá gbé mọ́tò rẹ̀ sínú oòrùn, tó rí ìlà wẹ́wẹ́ bí òwú aláǹtakùn lára rẹ̀, ọ̀gá kò ní ṣe ìwádìí kankan. Ìparí oṣù ni òṣìṣẹ́ yóò rí i pé wọ́n ti gé nínú owó òun. A ní ó tó gẹ́ẹ́!

Àwọn ọ̀gá ní ẹ̀rí kan tí wọ́n máa ń tọ́ka sí. Wọ́n ní ìlà náà ṣe òbìrìkìtì, nítorí náà ọwọ́ ẹni tó ń yí àkísà ká ló fà á. Ẹ̀rí yìí kò dúró. Ẹ dúró níwájú mọ́tò náà nínú oòrùn, kí ẹ wo òbìrìkìtì náà dáadáa. Ẹ wá rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òbìrìkìtì yóò bá yín rìn! Bó bá jẹ́ ọwọ́ ènìyàn ló yà á síbẹ̀, ṣé yóò máa ṣípò ni? Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ìlà náà pọ̀, ó sì dojú kọ ọ̀nà gbogbo. Àwọn tó dábùú ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń tàn padà sí wa lójú, ìyẹn ló fi dà bí òrùka.

Kí ló wá ń fa ìlà gan-an? Iyanrìn ni. Mọ́tò tó bá ti òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta wọlé, pàápàá lásìkò ọyẹ́, eruku ti bò ó. Bí omi kò bá kọ́kọ́ ṣan eruku náà kúrò, àkísà yóò máa wọ́ ọ lórí ọ̀dà bíi sáńpépà. Èyí tó ń dán bíi dígí lórí ọ̀dà, tí àwọn pẹ́ńtà ń pè ní kílíà, sábà máa ń wà láàrin ìdá 40 sí 50 nínú 1,000 ti mìlímítà kan. Irun orí ẹlòmíràn nípọn jù ú lọ! Ta ló wá ra garawa kan ṣoṣo fún mọ́tò mẹ́wàá? Ta ló ní kí a má fi omi ṣòfò? Ta ló ní àkísà àná ni kí a tún lò lónìí?

Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Èékánná la kọ́kọ́ ń fi wọ́ ojú ìlà náà. Bí kò bá há síbẹ̀, kọ́ḿpáòǹdù tó kúnná àti fóòmù tó mọ́ yóò mú un kúrò, lábẹ́ ibòòji, nígbà tí ara mọ́tò bá ti tutù. Bí èékánná bá há, ìlà ti jìn. Ọ̀dà ni yóò gbà, kì í ṣe pọ́líìṣì. Dídán kì í dí ìlà. Ńṣe la ń ha kílíà tó yí i ká títí yóò fi tẹ́jú. Mọ́tò tí a bá ń ha lóṣooṣù, kílíà rẹ̀ yóò tán. Ọ̀gá tó ń pariwo pé kí mọ́tò mẹ́jọ jáde kí ilẹ̀ tó ṣú, òun gan-an ló ń ba mọ́tò oníbàárà jẹ́.

Òfin sì wà pẹ̀lú wa. Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1974, tó ṣì wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà títí di òní, sọ ní abala 5 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn nínú owó òṣìṣẹ́. Bó bá ní òṣìṣẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ hùwà àìtọ́, tàbí pé àìbìkítà rẹ̀ ló fa òfò, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ohun tó bá sì yọ gbọ́dọ̀ mọ níwọ̀n. Àpapọ̀ ohun tí a bá yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Ọ̀gá wo ló ti fi ìwé àṣẹ yìí hàn wá? Kò sí!

Àwọn kan ń sọ pé ọ̀lẹ ni ẹgbẹ́ ń gbèjà. Rárá o. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba mọ́tò jẹ́, kí ó wá jẹ́jọ́ lọ́nà tó bófin mu. Ṣùgbọ́n nígbà tí oníbàárà san owó gọbọi fún dídán, ṣé a pín nínú rẹ̀? Kí ló dé tí gbèsè nìkan jẹ́ tiwa? Ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀!

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀:

1. Kí wọ́n ra rọ́bà tí a fi ń fọn omi, garawa méjì fún ẹni kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún ìṣàn, àti àkísà tó mọ́ lójoojúmọ́.

2. Kí oníbàárà, ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ yẹ ara mọ́tò wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀.

3. Kí gígé owó láìsí ìwé àṣẹ dópin, kí wọ́n sì dá èyí tí wọ́n ti gé padà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan tó ní ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi kí ẹ tó pe aṣojú ẹgbẹ́. Ẹ tọ́jú ìwé owó oṣù yín. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ kò ní já o!