Bí Àgbà Bá Ṣubú, Ẹ Má Dá A Dùbúlẹ̀

Bí ìyá àgbà bá yọ̀ ṣubú ní Ìsùàdà, tí kò lè dìde, tí ẹsẹ̀ kan kúrú tí ó sì yí síta, àwọn ará ilé a ní, “Ogbó ló dé.” Èmi kò gbà. Eegun tí ogbó ti sọ di ẹlẹgẹ́ ni ó kán ní ìgbáròkó. Ẹ má fi òróró wọ́ ọ, ẹ má sì dúró de ọmọ tí ó wà ní Èkó. Ẹ gbé e lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a ṣe iṣẹ́ abẹ láàárín wákàtí 48, kí aláìsàn sì dìde ní ọjọ́ kejì. Ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ ní í fa egbò ẹ̀yìn, àrùn ẹ̀dọ̀fóró àti ikú. Kí á má ṣe fi ìtọ́jú du òbí wa nítorí ọjọ́ orí.