Ẹ Ya Àwòrán Wọn Nídìí Iṣẹ́

Bí ẹ bá gba ojú títì láti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà, ẹ wo ara ògiri. Ẹ ó rí àwọn ìyá wa níbẹ̀: gèlè wọn ń dán, ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló ti kú. Pósítà ìsìnkú ni.

Ìyá tí ó bí ìyá mi wà lára wọn. Kíjìpá ni ó hun ní Ọ̀kà títí ó fi darúgbó, lórí òfì ìdúró tí í ṣe ti àwọn obìnrin. Owó rẹ̀ ni ó fi rán ìyá mi lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tí ó kú, ẹbí ní kí atẹ̀wé gbé orí rẹ̀ lé ọrùn ẹlòmíràn tí ó wọ léèsì. Ọwọ́ tí ó wà nínú pósítà náà kì í ṣe ọwọ́ ìyá wa! Wọ́n ní ẹ̀yẹ ni. Èmi kò gbà.

Ní 1635, ní Họ́láńdì, Rembrandt fín àwòrán ìyá kan tí ń dín àkàrà òyìnbó sára bàbà, ó fi tàdáwà pa á, ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Àwọn ọmọ yí ìyá náà ká. Ajá sì fẹ́ já àkàrà gbà lọ́wọ́ ọmọ kan. Ní nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún náà, obìnrin kan, Geertruydt Roghman, fín márùn-ún nípa iṣẹ́ obìnrin nínú ilé. Ọ̀kan ń ran òwú. Òmíràn kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń fọ ìkòkò. Wọn kò wọ wúrà, síbẹ̀ a ń wò wọ́n títí di òní.

Ẹnì kan yóò ní, “Ṣé ìṣẹ́ ìyá rẹ ni o fẹ́ fi han ayé?” Ó tì o! Àwọn àgbà ní ìdí iṣẹ́ ẹni ni a ti í mọ ni lọ́lẹ. Níbo wá ni a ó ti mọ akíkanjú, bí kò bá ṣe ìdí iṣẹ́ kan náà?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, a ń pe ìyá ní wúrà, a kò sì náání ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá lọ sílé, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá yín, kí ẹ ya àwòrán rẹ̀ nídìí òfì, nídìí agbada àkàrà, tàbí nídìí iṣu rẹ̀ ní ọjà Ìkàrẹ́. Bí ó bá ní kí òun kọ́kọ́ pààrọ̀ aṣọ, ẹ dúró dè é. Ṣùgbọ́n kí ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi í hàn án nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì lè rí i.