Mosi-oa-Tunya: Ṣé odò Zambezi nìkan ni yóò máa ru ẹrù iná Zambia?

Ẹni tó bá lọ wo Mosi-oa-Tunya lóṣù kẹrin ọdún ní láti wọ aṣọ òjò, bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́ kedere. Níbẹ̀, ní ààlà Zambia àti Zimbabwe, ni odò Zambezi ti ń tàkìtì láti orí àpáta tó fẹ̀ tó mítà 1,708, sínú ọ̀gbun tó jìn tó mítà 108. Bí omi náà bá ti lu ìsàlẹ̀, ìkùukùu rẹ̀ á gbéra sókè, á sì tún máa rọ̀ lé àwọn èèyàn lórí. Àwọn ará ibẹ̀ ti sọ ọ́ ní "èéfín tó ń sán ààrá" kí David Livingstone tó débẹ̀ lọ́dún 1855, tó wá fi orúkọ ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pè é.

Ìkùukùu yìí ló ń bọ́ igbó kìjikìji tó wà lódìkejì omi náà. Igi ńláńlá, ọ̀pẹ àti ìtàkùn ló kún ibẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ sì máa ń tutù rinrin. Rìn kúrò níbẹ̀ díẹ̀, koríko gbígbẹ lo máa bá. Ibi tí omi bá ta dé ni igbó náà mọ.

Tó bá di oṣù kẹwàá, ẹni tó ti Èkó tàbí Accra wá lè dúró lápá Zambia kó má rí ju àpáta gbígbẹ àti omi tín-ínrín lọ. Ẹ̀ẹ̀rùn ló fa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ń darí lára omi odò náà, kó tó dé etí àpáta, lọ sí ilé iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná tó lè pèsè mẹ́gáwáàtì 108 nínú ọ̀gbun náà.

Ọmọ Nàìjíríà kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ bínú sí wọn. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ń bú ramúramù lẹ́yìn ilé rẹ̀ mọ ohun tí àìsí iná ń ṣe fún ọmọ aráyé. Lọ́dún 2024, ọ̀dá òjò mú kí ìjọba Zambia kéde àjálù jákèjádò orílẹ̀-èdè. Omi adágún Kariba fà, iná di ohun àpínlò, àwọn alágbẹ̀dẹ irin, onígẹ̀rígẹ̀rí àti àwọn tó ń ta ẹja yìnyín sì ń jókòó sínú òkùnkùn fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́.

Ìdí nìyí tí ètò dáàmù Batoka fi ń kọni lóminú. Zambia àti Zimbabwe fẹ́ kọ́ ọ sórí Zambezi kan náà, ní nǹkan bí kìlómítà 50 sí ìsàlẹ̀ Mosi-oa-Tunya, kí wọ́n lè jọ pín mẹ́gáwáàtì 2,400. Kò ní bo ìtàkìtì omi náà mọ́lẹ̀. Àmọ́ òjò tí kò rọ̀ fún Kariba kò ní rọ̀ fún Batoka. Orílẹ̀-èdè tó ti ń rí èyí tó pọ̀ jù lára iná rẹ̀ láti inú omi, tí ọ̀dá sì ti fìyà jẹ, tún fẹ́ gbójú lé odò yẹn kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bẹ́ẹ̀, lóṣù kẹwàá tí odò bá fà jù lọ, oòrùn kì í wọ́n ní Zambia. Iná sólà ló yẹ kí owó ńlá kọ́kọ́ lọ bá.

Ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn náà tún wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ Kariba láàárín ọdún 1955 sí 1959, àwọn ará Tonga bí 57,000 ló fi ilé àti ibojì baba wọn sílẹ̀ fún omi. Àwọn tó mọ bí omi Kainji ṣe bo Bussa àtijọ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wọn.

Àwọn ìgbì omi tí dáàmù Batoka yóò rì mọ́lẹ̀ ni àwọn atukọ̀ ń kó àlejò gbà nínú ọkọ̀ rọ́bà. Tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló ń ru ọkọ̀ wọ̀nyí lórí gun òkè ọ̀gbun náà nínú oòrùn, tí wọ́n ń gba owó ọ̀yà lójú ẹsẹ̀. Kí àwọn ìjọba méjèèjì tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, kí wọ́n sọ fún àwọn ọ̀dọ́ yìí, ní èdè tí wọ́n gbọ́, ohun tí wọn yóò máa rù lẹ́yìn náà.