Adójútòfò Wo ni ó Yẹ Ajá àti Ológbò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni í mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Òwe yìí bá ènìyàn wí, ó sì bá ẹran ọ̀sìn wí pẹ̀lú. Ajá tí ń sáré kiri lónìí lè kán lẹ́sẹ̀ lọ́la. Ológbò tí ara rẹ̀ le koko lè di alárùn àtọ̀gbẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá fi ṣe ibùgbé, tí àwọn ọmọ wọn sì ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ra ajá fún wọn, ọ̀ràn yìí kì í ṣe ohun kékeré. Láti 1948 ni ìjọba ti ń tọ́jú aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ètò náà kò kan ẹranko. Ẹni tí ó ni ẹran ni yóò san owó dókítà ẹranko, iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo sì lè gbà ju ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn lọ.

Nítorí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni adójútòfò ṣe wà. Ó fi ara jọ èésú, ní ti pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ń dá owó jọ. Ṣùgbọ́n nínú èésú, olúkúlùkù ni yóò kó owó nígbà tí ó bá kàn án. Nínú adójútòfò, ẹni tí òfò bá ṣe nìkan ni yóò gba owó.

Oríṣi mẹ́rin ni ó wọ́pọ̀. Èkínní ń san owó ìjàǹbá nìkan, kò ka àìsàn sí. Èkejì ń san owó ìjàǹbá àti ti àìsàn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù méjìlá kò ní í san kọ́bọ̀ mọ́ lórí àìsàn kan náà. Ẹ̀kẹta ya iye owó kan sọ́tọ̀ fún àìsàn kọ̀ọ̀kan; bí owó náà bá tán, ó tán nìyẹn. Ẹ̀kẹrin ni ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹran: bí ọdún bá ti yí po, tí a sì tún àdéhùn ṣe láìjẹ́ kí ó já, iye owó ìtọ́jú a tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yan èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣìnà. Àìsàn tí ń sọ ènìyàn di onígbèsè kì í sábà jẹ́ èyí tí ń lọ ní ọ̀sẹ̀ kan. Ajá tí ó ní àtọ̀gbẹ lè máa gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ oríṣi kejì ni a yàn fún un, ọdún kan péré ni ìrànlọ́wọ́ náà yóò fi wà. Bí a bá sì sá lọ sí ilé-iṣẹ́ mìíràn, wọn yóò ní àìsàn náà ti wà lára rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà, ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, oríṣi kẹrin ni kí ó mú, nígbà tí ẹran ṣì kéré tí ara rẹ̀ sì yá.

Àwọn kan a máa wí pé ó sàn kí olúwarẹ̀ máa fi owó náà pamọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é kó dànù, nítorí oríṣi kẹrin wọ́n, owó rẹ̀ sì ń gòkè bí ẹran ti ń dàgbà. Ṣùgbọ́n bí ìjàǹbá bá dé ní oṣù kẹta, kí ni yóò wà nínú kólò? Bí ajá bá sì bu ènìyàn jẹ ńkọ́? Òfin Ẹranko ti 1971 lè mú ẹni tí ó ni ajá náà san owó ìtanràn fún ẹni tí ó farapa. Ọ̀pọ̀ adójútòfò ajá ni ó ń gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ rù. Kólò kò lè gbà á.

Síbẹ̀, kí a tó fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ó yẹ kí a kà á dé ìparí. Èló ni a óò kọ́kọ́ san láti inú àpò ara wa? Ǹjẹ́ wọn yóò dín ìrànlọ́wọ́ kù bí ẹran bá darúgbó? Ẹni tí ó bá kọ̀ láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ajá rẹ̀ lè rí i pé a kò san owó àìsàn tí abẹ́rẹ́ náà ìbá dènà.

Ẹranko kò lè sọ ibi tí ó ń dùn ún, kò sì yan ẹni tí yóò sìn ín. Ẹni tí kò bá lè san owó adójútòfò, tí kò sì ní owó ìpamọ́, kí ó ní sùúrù kí ó tó ra ajá. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ìṣirò ni ó yẹ kí ó ṣáájú rẹ̀.